Fèrè Tí Mo Fun sí Ọkọ Mi Kékeré

Nígbà tí eékún mi méjèèjì ṣì ń gbọ́ tèmi, kò sí ẹ̀ka igi kan tí mo rí lókè tí ọwọ́ mi kì í fẹ́ fò kàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mulíkà, gbé fóònù yẹn sún mọ́ mi, kí o má baà sọ lọ́la pé ohùn Màmá kò jáde dáadáa. Mo mọ̀ ọ́. Ohun yòówù tí mo bá sọ, o ó ṣì lọ bi ẹlòmíràn kí o tó gbà á. Kò burú. Ó sàn ju kí ènìyàn máa gbé gbogbo ọ̀rọ̀ mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu.

Ọ̀sí ni wọ́n bí mi sí. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi, àwọn oníbàárà rẹ̀ a máa ti Ìlọrin wá. Mo ga, ẹ gbọ́. Mo ga débi pé bí a bá tò láti kírun ọdún, ńṣe ni orí mi máa ń yọ láàrin àwọn obìnrin bí òpó iná. Ìyá mi a máa wò mí, a mí kanlẹ̀, a ní, “Sàfúrá, ta ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń wo àtàrí ọkọ?” Ní ayé ìgbà náà, bí ọmọbìnrin bá ga jù, ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa ń bá kẹ́dùn. Lónìí ńkọ́? Lónìí, ẹ̀ ń wọ bàtà gogoro kí ẹ lè ga! Èmi tí mo gba tèmi lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ń fi ṣàánú mi.

Tíṣà wa kan ló kọ́kọ́ sọ pé gíga mi kì í ṣe àrùn. Ó ri òpó sílẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, ó so irin róbótó mọ́ ọn lókè, ó ní eré kan wà tó jẹ́ pé àwọn bí èmi gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Bọ́ọ̀lù agbọ̀n. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá o. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń lù ú nílẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń jù ú sínú àwọ̀n. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti Ọ̀sí mo dé Ìlọrin. Láti Ìlọrin, ilé-iṣẹ́ ahunṣọ kan ní Kàdúná gbọ́ nípa mi, wọ́n ní kí n wá.

Iṣẹ́ wo ni wọ́n gbà mí sí? Bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ náà! Ẹ wo Mulíkà bó ti ń wò mí. Ó ń rò ó lọ́kàn pé, “Ṣé wọ́n ń sanwó fún obìnrin nígbà náà kó máa ju bọ́ọ̀lù?” Wọ́n ń san án. Bí àwọn tó ń hun aṣọ ti ń gba owó oṣù ni àwa náà ń gbà á. Wọ́n fún wa ní ilé tí a ń gbé, wọ́n fún wa ní kóòṣì, wọ́n fún wa ní ọkọ̀ tó ń gbé wa kiri láti ìlú dé ìlú. Èmi wọ ṣòkòtò gígùn, mo we orí mi pinpin, mo bọ́ sórí pápá. Àwọn Haúsá tó wá wòran a máa pariwo, “Dógúwà! Dógúwà!” Obìnrin gíga ni wọ́n ń pè mí. Ohun tí ìyá mi fi ń kẹ́dùn ní Ọ̀sí, òun ni wọ́n fi ń kọrin fún mi ní Kàdúná.

Áà… Ẹ̀yin ọmọ, n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó yé yín. Bí bọ́ọ̀lù bá ti fẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ, kó tó lọ pátápátá, orí ìka ló máa ń kúrò kẹ́yìn. Orí ìka yẹn ti mọ̀. Ojú kò tíì mọ̀, àwọn èrò kò tíì mọ̀, ṣùgbọ́n orí ìka ti mọ̀ bóyá yóò wọlé. Ohun tí mo ń ṣàárò rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ariwo. Kì í ṣe ife ẹ̀yẹ. Ìgbà díẹ̀ yẹn tí èmi nìkan mọ̀.

Ó dé ọjọ́ kan tí mo fò, tí mo sì balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Eékún ọ̀tún mi dún bí igi gbígbẹ. Kóòṣì wá kí mi ní ilé-ìwòsàn. Ó ra ọsàn wá. Ó béèrè ilé, ó béèrè oúnjẹ, ó béèrè bóyá ọyẹ́ ń mú mi. Kò béèrè ìgbà tí mo máa padà. Ẹ gbọ́ èyí kí ẹ sì fi sọ́kàn: bí ọ̀gá rẹ bá ń bi ọ́ nípa ọyẹ́, ó ti fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí ilé-iṣẹ́ náà pàápàá ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ ahunṣọ dákẹ́, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù túká. Mo gbé báàgì mi, mo ń tiro padà sí Ọ̀sí.

Ọkùnrin kan tí kò bẹ̀rù gíga rí mi fẹ́. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì káńsù, ní Ìlọ́fà. Wọ́n so yìgì wa, mo bá a dé ilé wọn. Ìyá rẹ̀ wà nínú ilé náà, àbúrò rẹ̀ tó kéré jù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tó ṣì ń wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ nǹkan wọ̀nyí mọ́. Ẹnikẹ́ni tí ìyàwó bá ti bá nínú ilé ọkọ, ọkọ ni ẹni náà jẹ́ fún un. Ìbáà ṣe ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ìyàwó kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Ìyàwó yóò kúnlẹ̀ kí i. Ìyàwó yóò wá orúkọ mìíràn tó dùn fún un. Èmi wo ọmọ náà, mo rí i pé egungun rẹ̀ gùn, mo pè é ní Agùntáṣọlò. Orúkọ rẹ̀ gan-an ńkọ́? Mulíkà, má wulẹ̀ béèrè. N kò tíì pè é títí di òní, n kò sì ní torí fóònù rẹ pè é.

Àwọn ìyàwó òde òní? “Túndé, wá gbé jẹnẹrétọ̀ yìí!” Ó parí.

Mo rí ríìmù kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n jù sílẹ̀, mo ní kí ọkọ mi akọ̀wé bá mi kàn án mọ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Èmi kò lè fò mọ́, bí mo bá gbìyànjú rẹ̀, eékún yóò wú fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n Agùntáṣọlò lè fò. Mo jókòó lórí àpótí, mo ń kọ́ ọ. “Ọkọ mi, tẹ orúnkún. Ọkọ mi, má wo bọ́ọ̀lù, irin ni kí o wò.” Ìyá ọkọ mi á wò wá láti ojú fèrèsé, á ní, “Ìyàwó yìí, ọkọ rẹ ni ò ń kọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn àbí ọmọ rẹ?” Èmi á ní, “Ọkọ mi ni, ìyá. Ẹ ò rí i pé mo ń bẹ̀ ẹ́ ni?” Ọmọ náà dàgbà, ó di ẹni tí gbogbo káńsù wa, Òkè-Ẹ̀rọ̀, mọ̀ lórí pápá.

Èmi ńkọ́? Mo ń wo eré tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe. Inú mi dùn, inú mi kò dùn. Ìgbà náà ni mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ àwọn rẹfirí fẹ́ kọ́ àwọn tuntun ní Ìlọrin. Mo ní kí ọkọ mi akọ̀wé jẹ́ kí n lọ. Ó ní, “Fèrè? Ìwọ tí o ti máa ń bá rẹfirí jà?” Mo ní, “Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Mo mọ ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Rẹfirí kì í fò. Ó ń sáré díẹ̀, ó ń dúró, ó ń wò. Eékún mi lè ṣe èyí. Ṣùgbọ́n wọn kò fi fèrè lé mi lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ máa jókòó nídìí tábìlì, kí n máa ṣọ́ aago. Ẹni tó ti jó rí, tí wọ́n wá ní kó máa ṣọ́ bàtà àwọn tó ń jó.

Ó wá di ìgbà ìdíje láàrin àwọn káńsù. Ìlọ́fà ni wọ́n ti fẹ́ ṣe àṣekágbá rẹ̀, ẹgbẹ́ tiwa níhìn-ín sì ni yóò bá ẹgbẹ́ tó ti ọ̀dọ̀ àwọn Ọ̀sí wá figẹ̀ wọngẹ̀. Rẹfirí méjì ló yẹ kó wá láti Ìlọrin. Òjò rọ̀ bí ẹni ń da garawa. Ẹ mọ ọ̀nà wa. Ọ̀gá àwọn rẹfirí ti dé ní ọjọ́ tó ṣáájú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹnìkejì rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀ lọ́nà Odò-Ọwá. Ọ̀gá wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, “Ìyá ọlọ́mọ, ìwọ ni yóò fun fèrè kejì lọ́la. Èmi yóò máa wò ọ́. Bí o bá ṣe é ire, n ó fọwọ́ sí i kí o di rẹfirí gidi. Bí mo bá rí i pé o ṣègbè, ìdí tábìlì ni o máa wà títí.”

Mo ní, “Sà, ọmọ Ọ̀sí ni mí, ìyàwó Ìlọ́fà sì ni mí.”

Ó ní, “Èyí dára. Àwọn méjèèjì ni yóò bú ọ.”

Mo dé ilé, mo sọ ọ́. Ìyá ọkọ mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò gbé ojú sókè. Ó ní, “Agùntáṣọlò ńkọ́? Ṣé kò ní gbá a lọ́la?” Mo ní yóò gbá a. Ó ní, “Tí ó bá ṣẹ̀ ńkọ́?” Mo mọ ohun tí òfin wí. Ní ìgbà náà, bí rẹfirí bá fun fèrè fáòlù, yóò na ìkúùkù kan sókè, yóò na ọwọ́ kejì sí ẹni tó ṣẹ̀, yóò wá yíjú sí tábìlì, yóò fi ìka ṣe nọ́ḿbà tó wà lára aṣọ rẹ̀. Ẹni náà fúnra rẹ̀ yóò nawọ́ sókè, kí gbogbo ayé mọ̀ pé òun ni.

Ìyá ọkọ mi gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Ó ní, “Gbọ́, ìyàwó. Ọmọ mi ti gbà kí o máa fun fèrè, n kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sí ìyàwó kan nínú ulé yìí tó nàka sí ọmọ ulé yìí láwùjọ rí. Bí o bá ṣe é lọ́la, kí o gbé fèrè náà fún mi nígbà tí o bá dé. Ó parí nìyẹn.”

Ṣé ó yé yín? Bí mo bá nàka sí i, fèrè parí nílé. Bí mo bá ṣe bí ẹni tí kò rí i, fèrè parí ní Ìlọrin. Fèrè yẹn sì ni ohun kan ṣoṣo tó kù tó lè gbé mi padà sórí pápá.

Ọjọ́ kejì, pápá ilé-ẹ̀kọ́ kún. Àwọn ará Ọ̀sí ń pariwo, “Ìyàwó Ìlọ́fà! A ti mọ ibi tí ọbẹ̀ rẹ dà sí!” Àwọn ará Ìlọ́fà náà ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ń bú: “Ọmọ Ọ̀sí! Ṣé o fẹ́ gbé ife lọ fún bàbá rẹ ni?” Ọ̀gá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, “Ṣé mo wí bẹ́ẹ̀ àbí n kò wí?”

Orí yọ mí fún ìgbà pípẹ́. Gbogbo ìgbà tí Agùntáṣọlò bá ṣe fáòlù, ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló ń bọ́ sí. Ọ̀gá fun fèrè sí i títí ó fi pé mẹ́rin. Ẹ̀karùn-ún ni yóò lé e jáde. Eré fẹ́ parí, Ìlọ́fà fi ayò kan ṣoṣo ṣáájú. Ọmọ Ọ̀sí kan tó kúrú, tó yára bí òkété, ó já wọ abẹ́ àwọ̀n, ó fò. Agùntáṣọlò fò pẹ̀lú rẹ̀. Mo rí apá tó bọ́ sórí apá. Mo gbọ́ ọ, “pá!” Ọ̀gá kò rí i, àwọn mìíràn ti dí i lójú. Èmi nìkan ni mo rí i.

Mo gbọ́ fèrè kí n tó mọ̀ pé èmi ni mo fun ún.

Gbogbo pápá yíjú sí mi. Mo na ìkúùkù sókè. Ọwọ́ kejì gbéra… ó dúró ní agbedeméjì. Agùntáṣọlò wà níwájú mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀gá ń wò mí. Mo mọ̀ pé ìyá ọkọ mi wà láàrin èrò. Ẹ̀yin ọmọ, n kò rò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé mo rò ó, irọ́ ló ń pa. Eékún tó ti ń dùn mí láti Kàdúná tẹ̀, mo sì bá ara mi lórí ìkúnlẹ̀. Ìkúùkù mi ṣì wà lókè. Mo na ọwọ́ kejì sí i, n kò na ìka, àtẹ́lẹwọ́ ni mo tẹ́ sílẹ̀, bí ẹni ń fi àga han àgbà. Mo dìde, mo yíjú sí tábìlì, mo fi ìka ṣe nọ́ḿbà rẹ̀. Nọ́ḿbà ni mo pè. N kò pe orúkọ.

Ìyá arúgbó kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún: “Yéè! Ó kúnlẹ̀ fún ọkọ, ó sì lé ọkọ jáde!”

Ó wá ku Agùntáṣọlò. Bí ó bá kọ̀ láti nawọ́, ta ni yóò mú un? Yóò sọ pé ìyàwó ilé òun kò lè lé òun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kígbe, “Má nawọ́! Má dá a lóhùn!” Ó wò mí. Ó wo ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ eékún ṣòkòtò mi. Ó pẹ́ kó tó ṣe é, ó pẹ́ lójú tèmi… Ó nawọ́ sókè. Ó rìn jáde.

Ẹni tí wọ́n bá ṣe fáòlù sí báyìí, rẹfirí ló ń gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́ láti jù ú lẹ́ẹ̀mejì, ayò kan fún ìkọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo gbé e fún ọmọ Ọ̀sí náà. Ẹ gbọ́, mo di bọ́ọ̀lù yẹn mú pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Orí ìka mi ti tò sí àyè wọn fúnra wọn. Ọmọ náà ní, “Mà, ẹ fún mi.” Mo fún un. Méjèèjì wọlé. Ìlọ́fà pàdánù.

Ọ̀gá pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. “Inú ìwé òfin wo lo ti rí ìkúnlẹ̀?”

“Kò sí nínú ìwé, sà. Ilé ni mo ti rí i.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Fáòlù ni. Ojú rẹ dára. Ṣùgbọ́n bí o bá kúnlẹ̀ ní Ìlọrin, n kò mọ̀ ọ́ rí.” Ó fọwọ́ sí i.

Mo fi fèrè sí àtẹ́lẹwọ́ lọ sílé, mo ti ṣe tán láti fi lélẹ̀. Agùntáṣọlò ti wà níbẹ̀, ó kọ oúnjẹ. Mo kúnlẹ̀, mo na fèrè sí ìyá ọkọ mi. Kò gbà á. Ọmọ rẹ̀ ló yíjú sí: “Ìwọ tí o gbá ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́, ta ló rán ọ níṣẹ́? Ìyàwó kúnlẹ̀ kí ọ lójú gbogbo Ìlọ́fà. Kí lo tún ń fẹ́, kó gbé ọ pọ̀n ni? Jẹun!” Ó jẹun. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi wẹ́rẹ́ pé, “Ìyàwó, gbé ohun rẹ dání.”

Fèrè náà gbé mi dé Mínà, ó gbé mi dé Lọ́kọ́ja, ó gbé mi padà sí Kàdúná pàápàá. Kò sí ẹni tó mọ̀ mí níbẹ̀ mọ́. N kò kúnlẹ̀ mọ́ o. Mo fun fèrè títí irun mi fi funfun, títí eékún fi kọ fèrè náà. Lónìí, pápá wa ti là, koríko ti yọ nínú rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin gíga kún Òkè-Ẹ̀rọ̀, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan?

Ìdíje tó kẹ́yìn fún mi, Ọ̀bọ̀-Ayégúnlẹ̀ ni. Àwọn èrò ti gun ọ̀kadà lọ tán. Agùntáṣọlò ti di tíṣà nígbà náà, irungbọ̀n rẹ̀ ti ń hewú, ó kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá. Ó gbé bọ́ọ̀lù kan bá mi.

“Ìyàwó wa, gbà.”

“Ọkọ mi, eré ti parí.”

“Mo mọ̀ pé ó ti parí. Gbà.”

Ṣé ìyàwó máa ń bá ọkọ jiyàn lójú ọmọ ilé-ẹ̀kọ́? Mo gbà á. Mo dúró sí ìlà. Mo jù ú.

Mulíkà, mo rí ọ. O fẹ́ béèrè bóyá ó wọlé. Kò wọlé. Kò tilẹ̀ dé ibẹ̀. Agùntáṣọlò sáré mú un, ó tún gbé e fún mi. Mo tún jù ú, ó kan irin, ó padà. Ó tún mú un wá. Títí wọ́n fi pe ìrun mọ̀ngàríbà ni à ń ṣe é, èmi ń jù, òun ń sá tẹ̀ lé e bí ẹni tó ṣì ń wọ aṣọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sí èyí tó wọlé. Orí ìka mi sì ti ń mọ̀ ọ́n ṣáájú, ní gbogbo ìgbà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ayé bá gba ohun tí ẹ fẹ́ràn lọ́wọ́ yín, ẹ má sá jìnnà sí i. Ẹ wá iṣẹ́ kan ṣe nítòsí rẹ̀. Èmi ṣe é, ó sì gbà mí là. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé nítòsí rẹ̀ àti inú rẹ̀ dọ́gba… hùn. Ẹni náà kò tíì ju bọ́ọ̀lù rí.